Sáà Tí Duan Ò Lọ Sílé Ẹ̀kọ́

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Karùn-ún

Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń rán kún ilé dé ẹnu ọ̀nà. Ọdọọdún ni gbogbo ìyá tó wà ní àdúgbò yìí máa ń gbàgbé pé àwọn bímọ, àfi tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Duan ń bá mi gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù funfun, kò sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí tiẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Wichian, ọkọ mi, ti gbà kí Duan máa kàwé nílé. Mò ń kọ ọ́ síbí kó má lọ di pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ká dán an wò fún sáà kan péré. Kí sáà tó parí ní Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ á wá wo àwọn ọmọ nínú ilé wa níbí. Tí Duan bá lè dá wọn lóhùn, kó máa kàwé nílé lọ. Tí kò bá lè dá wọn lóhùn, yóò padà síbi tó ti kúrò. Mo ní ó dáa.

Duan ò tíì dá àlejò kankan lóhùn láti Oṣù Kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Karùn-ún

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé lónìí. Buala tó ń gbé ní òdìkejì títì sáré wá gba síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, ó bá Duan tó ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn. Ó bi mí pé ṣé ara ọmọ ò yá ni. Mo ní ara ẹ̀ yá, ilé ló ti máa kàwé. Ó ní nítorí irun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí irun.

Ní Oṣù Kejì, irun ẹ̀ kọjá etí díẹ̀, òfin ilé ẹ̀kọ́ ò sì gbà á. Olùkọ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé apá òsì lórí ìlà níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe kọ orin orílẹ̀-èdè tán, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ojú lè tì í délé. Èmi ni mo gé èyí tó kù kó lè dọ́gba. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di àárọ̀, ó ń bì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

Buala ní wọ́n gé ti òun náà nígbà tóun wà lọ́mọdé, òun ò sì kú. Mo gba owó síkẹ́ẹ̀tì mi. Kò kú lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kìíní ilé ẹ̀kọ́ tiwa. Mo ri ọparun mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá, mo ta àsíá lé e. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn abúlé bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè ní aago mẹ́jọ, a ti dúró lórí ìlà: Duan níwájú, Phum àbúrò ẹ̀ lẹ́yìn. Mo rán aṣọ tuntun fún àwọn méjèèjì, bí ilé ẹ̀kọ́ gidi. Mo fi ṣíbí lu ọmọrí ìkòkò gẹ́gẹ́ bí aago. Mo yẹ èékánná wò. Ti Phum dọ̀tí, mo fi rúlà kan án lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méje, gbogbo ẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn. Ó ní òun ni yóò máa lu ọmọrí láti ọ̀la lọ.

Ìṣirò, ìwé kíkà, ìsinmi, ìtàn ilẹ̀ wa, oúnjẹ ọ̀sán, ìwà rere. Mo lẹ ètò náà mọ́ ògiri. Orí mi wú, ká sọ tòótọ́. Mo rò pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pariwo sí pé ó le?

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Karùn-ún

Duan ń da gbogbo ohun tí mo bá kọ sí pátákó kọ, lẹ́tà ẹ̀ dára ju tèmi lọ. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè, á wo ilẹ̀. Mo ní "kà á síta," ètè ẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde.

Ẹ̀gbọ́n Wichian dé láti ilé ìgẹdú, eruku igi ṣì wà lórí ẹ̀, ó dúró wo àsíá, ó wo ògiri, ó wo ọmọrí ìkòkò.

"Ìyá Duan," ló wí, "ṣé o mú ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ni, àbí o gbé ilé ẹ̀kọ́ wá bá ọmọ nílé?"

Mo ní ta ló mọ ilé ẹ̀kọ́ jù mí lọ, èmi tí mò ń rán aṣọ ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá. Ó ní òun ò bá mi jà. Ó lọ wẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹfà

Òjò. Olú ti jáde nínú igbó, wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta góòlù. Mi ò rà.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń kúnlẹ̀ fún olùkọ́. Buala kọjá lọ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, àwo òdòdó lọ́wọ́. Mo ní àwa náà á ṣe é. Mo ní kí àwọn ọmọ lọ já òdòdó ikàn, koríko tútù àti òdòdó pupa ẹ̀bá ọgbà. Mo gbé àga síta, mo wọ aṣọ tó dáa, mo jókòó.

Phum rákò wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé àwo lé mi lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé koríko dànù. Ó ku Duan. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú òdòdó ikàn kan ṣoṣo. Mo ní kó máa bọ̀. Kò mira. Mo tún un wí. Ó fi òdòdó náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí.

"Màámi, èmi ò ní olùkọ́."

Mo jókòó lórí àga náà fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó dùn mí. Ọ̀sán ni mo tó gbé àga wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹfà

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìwé tí a fẹ́ gbé lọ sí ọ́fíìsì ń fẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ. Irun Duan ti wá ń kan ọrùn, èyí tó wà níwájú ń wọ̀ ọ́ lójú. Mo ní kó jókòó kí n bá a tún un ṣe díẹ̀, kí fọ́tò má baà dà bíi ti ọmọ tí kò ní ìyá. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, aṣọ ni mò ń gé. Ìṣẹ́jú kan náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn abúlé bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè. Mo mú irun náà, mo gé e lẹ́ẹ̀kan.

Kò sá. Kò sunkún. Ó le gbagidi lọ́wọ́ mi bíi pákó. Nígbà tí mo fi máa wo ojú ẹ̀, ó ti ń bì sórí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo rán fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ká ẹní ẹ̀, ó lọ sílé Ìyá Kaeo, ìyá ọkọ mi, tó wà lẹ́yìn ọgbà wa.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kẹfà

Kò tíì padà. Mo gbé ìrẹsì àti ata gígún lọ fún wọn ní àárọ̀. Duan wọ inú yàrá lọ nígbà tó gbóhùn mi. Ìyá Kaeo ń ro ìkòkò aró ẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ọwọ́ ẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ní èmi ò ní ibi kan lọ́kàn sí ọmọ mi, fọ́tò ni mo kàn fẹ́ kó yà.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹni ejò bù jẹ rí, tó bá rí ọ̀kùn, á sá ni. Ìwọ sì tún wá lọ wọ awọ ejò lọ́rùn."

Ó ní kí n gbé abọ́ mi, kí n máa lọ, ọmọ á bọ̀ tó bá rí nǹkan bọ̀ wá bá.

Mo délé, mo wú ọparun. Mo ká àsíá, mo ya ètò orí ògiri. Mo dá ọmọrí padà sórí ìkòkò ẹ̀. Phum sunkún nítorí ọmọrí náà, títí mo fi fún un ní ìgò àti ìwọ̀ ẹja. Mo kó aṣọ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì fún Buala pé kó fún ẹni tó bá wọ̀. Ó bi mí pé ṣé a ti ń padà ni. Mo ní rárá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ni.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Keje

Kò sí ẹ̀kọ́. Duan ti padà wálé láti ọjọ́ Ẹtì. Ọwọ́ ń yún mi láti mú ìwé. Mo rán aṣọ mọ́ ẹ̀wù ọrùn mi lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ojú mi ń lọ sẹ́yìn ọgbà.

Phum ti mọ orúkọ gbogbo ẹja inú odò. Duan máa ń jí, á jẹun, á lọ jókòó ti Ìyá Kaeo. Ẹ̀gbọ́n Wichian bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ lónìí. Mo ní ẹja. Ó wò mí, ó ní Oṣù Kẹsàn-án ò jìnnà mọ́ o.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Keje

Nǹkan ṣẹlẹ̀.

Mò ń fi aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí Duan wọlé, omi aró ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó di aṣọ pélébé kan mú. Ó ní kí n wò ó kíá. Aṣọ náà ní àwọ̀ ewé. Bí mo ṣe ń wò ó, ó ń yí padà, láti etí wá sí àárín, ó di búlúù lójú wa.

"Kí ló dé tó jẹ́ pé àwọ̀ ewé ló bá jáde nínú ìkòkò, tó wá di búlúù níta?"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rán aṣọ aró, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni rí. Ó ní Ìyá àgbà náà ní òun ò mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí. Ó dúró, ó ń wò mí.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó mú ìwé wá. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ìwọ rò pé kí ni?"

Ó ronú pẹ́. Ó ní bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ó ní òun á fi ọ̀rá di òmíràn kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án. Ó sáré jáde. Omi aró ti ba kọ́là funfun méjì jẹ́ lórí tábìlì mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Keje

Afẹ́fẹ́ ni. Èyí tó fi ọ̀rá dì kò kúrò ní àwọ̀ ewé títí ó fi tú u. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ya ìkòkò náà sí i. A jọ wá a lórí fóònù lẹ́yìn náà, a rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó ní kí ló dé tí a tún fi ń wá a nígbà tí òun ti rí i.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹjọ

A gbé àbẹ́là lọ sí tẹ́ḿpìlì nítorí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù òjò tí àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà kì í fi kúrò níbẹ̀. Mọ́ńkì àgbà bi Duan pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó sá sẹ́yìn mi. Phum ní, "Mọ́kànlá ni, kì í sọ̀rọ̀." Ẹ̀gbọ́n Wichian wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí. Mo mọ ohun tó ń rò: Oṣù Kẹsàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ àwọn ìyá. Phum fún mi ní òdòdó jasimín, ó ti jókòó lé e lórí. Duan fún mi ní ìkan nínú àwọn hankáṣíìfù tó ń rẹ, ibi kan dúdú, ibi kan ṣá, ibi kan ò tiẹ̀ mu aró rárá. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bùn o, ìdánwò ni, kí n má baà rò pé ó ti dáa. Mo ń lò ó.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òjò ti ń rọ̀. Ìkòkò aró kú, kò rẹ aṣọ mọ́. Ìyá Kaeo ní ó ti kú, ó fi imú gbọ́ ọ, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní kí wọ́n dà á nù, òun á ṣe òmíràn lẹ́yìn òjò. Duan ní rárá. Ó jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ló yẹ kóun bò ó nígbà tí òjò ń fẹ́ wọlé, òun gbàgbé.

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìkòkò ni, kì í ṣe ènìyàn. Mi ò sọ ọ́. Mo bá a wá omi eérú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ó pín aró tó kú náà sí abọ́ kéékèèké. Ó fi omi eérú sí ọ̀kan, ó fi tamaríńdì sí èkejì, ó fi ọtí ìrẹsì díẹ̀ sí ẹ̀kẹta, ó pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ẹ̀kẹrin. Tó bá ti jí, á gbọ́ òórùn wọn, á kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló kọ́ ara ẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan sí ìdá mẹ́ta àti ìdá márùn-ún, torí kò fẹ́ fi ọtí Ìyá àgbà ṣòfò. Ó tó oṣù kan tí mo fi kọ́ ọ ní ìpín yẹn lórí pátákó, tí kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, abọ́ kẹrin yọ ìfófó búlúù. Ìyá Kaeo tọ́ ọ wò, ó ní ó ti jí. Ẹ̀gbọ́n Wichian tó ń jẹun gbé ìrẹsì sílẹ̀, ó lọ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní irú ọtí wo lọmọ yẹn lò, àbí tòun ni.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ará ọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀ làwọn ń bọ̀. Mi ò lè jẹun. Mo ti nu gbogbo ilé lẹ́ẹ̀mejì. Mo tiẹ̀ mú àsíá jáde nínú àpótí, mo tún dá a padà.

Èékánná Duan búlúù dé ìdí. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ láti fi fọ̀ ọ́ fún un, mo ti pè é kí n tó rántí pé mi ò yẹ èékánná wò mọ́. Ó dé, ó ní kí ni. Mo ní kò sí nǹkan, ọsàn ni mo ní kó wá mu. Ó mu ún, ó kan gan-an, ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n jẹ́ méjì: ọkùnrin àgbà kan tó lo awò ojú, àti ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí ẹ̀ tó ti àbúrò mi. Ẹ̀gbọ́n Wichian ò lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Kaeo jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ.

Phum ka ìwé fún wọn, ó ka orúkọ ẹja fún wọn, ó fẹ́ mú wọn lọ sódò. Ó kan Duan. Ọkùnrin náà ní kó ka ìsọdipúpọ̀ méje. Ó wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà tún ní kó sọ orúkọ ìpínlẹ̀ tó yí wa ká. Ó wo ilẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi wà lórí tábìlì, mo rí i tó di ẹ̀ṣẹ́. Mo mọ ìdáhùn gbogbo ẹ̀, ó sì wà lẹ́nu mi. Mo fi eyín há ahọ́n mi. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ní kí la ń sè lẹ́yìn ilé tó ń rùn báyìí.

Duan gbé ojú sókè. "Kò rùn," ló wí. "Ebi ló ń pa á."

Ohùn ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà ní ta lebi ń pa. Duan dìde, ó ṣíwájú wọn lọ sábẹ́ òrùlé Ìyá Kaeo, kò wẹ̀yìn. Ó sọ fún wọn pé ìkòkò náà ti kú rí. Ó sọ ohun tó fi sí abọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣiṣẹ́, èyí tí kò ṣiṣẹ́, ìdá mélòó nínú mélòó. Ó rẹ aṣọ fún wọn, ó fi afẹ́fẹ́ hàn wọ́n. Ọkùnrin náà ní kó dúró, òun ò gbọ́ ibì kan dáadáa. Ó tún un sọ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún Phum. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò kí ẹnikẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

Ó ń nu ọwọ́ nígbà tó wo orí ọmọ náà. Irun ti kan èjìká.

"Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ń gbà kí irun gùn tó báyìí?" Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, mo rò bẹ́ẹ̀.

Mo ti la ẹnu láti sọ pé a máa gé e, ẹ má bínú. Mo pa á dé.

"Ilé wa ni," Duan wí. Ó fi ọmọrí bo ìkòkò ẹ̀.

Wọ́n lọ. Wọn ò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Kaeo ní ọwọ́ yẹn á wà ní búlúù títí ìsinmi á fi parí.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ọmọbìnrin ọ́fíìsì pè. Wọ́n fọwọ́ sí i fún ọdún kan, àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ká fi ìsọdipúpọ̀ méje kún un. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Wichian nígbà tó dé. Ó ní kó máa bá a lọ, kí n sì ra ọtí mìíràn fún ìyá òun. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀, mo jáde wá se ọbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹwàá

Òjò ti dá. Ooru ti padà.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí Duan dé iwájú mi. Ó mú sísọ́ọ̀sì mi lọ́wọ́, ó na ibi ìdìmú ẹ̀ sí mi. Ó ní irun ń mú ooru mú òun lọ́rùn, ó sì ń bọ́ sínú ìkòkò. Ó ní kí n bá òun gé e.

Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kíá. Mo bi í ní ohun tí mi ò bi í rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

"Ibo ni kí n gé e dé?"

Ó fi ìka kan ọrùn ẹ̀, nísàlẹ̀ etí, èékánná ẹ̀ ṣì búlúù. "Ibí. Tí mo bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró."

Mo ní mo gbọ́. Ó gbé àga síta, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo fi ìka wọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mò ń gé aṣọ láì fa ìlà. Mo gé apá òsì. Ó ní kí n dúró, mo dúró. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó dáa, kí n máa bọ̀ ní ọ̀tún. Orin aago mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a jọ dákẹ́ gbọ́ ọ tán, mo sì gé èyí tó kù.

Ó mú dígí, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó ní ó dọ́gba.